Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣe lè jẹun dáadáa ní Ìkòròdú láì fi gbogbo owó rẹ̀ jẹun

Ìwé kọ́ ló ń tètè gbé owó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mì ní Ìkòròdú. Oúnjẹ sísè tó ń rà lójú ọ̀nà ni, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí kò yẹ kó san. Bẹ́ẹ̀ ìlú etí ọ̀sà ni ìlú yìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló sì wà: ẹja ń gúnlẹ̀ sí èbúté rẹ̀, gàrí àti ewùrà kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá mọ ibi tí oúnjẹ ti ń wọ ìlú, tó sì mọ ìgbà tó ń wọ̀ ọ́, yóò jẹun tó dára ju ti ẹni tó ń ná ìlọ́po owó rẹ̀ lọ.

Ilé, iná àti omi

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá kàwé níbí, Lagos State University of Science and Technology ni wọ́n ń bọ̀, ilé ìwé tí àwọn awakọ̀ ṣì ń pè ní Laspotech bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di yunifásítì láti ọdún 2022. Odòguńyán, lójú ọ̀nà Ṣágámù, ni ọgbà rẹ̀ wà. Bí o bá gba yàrá sí ẹ̀bá First Gate tàbí Second Gate, ẹsẹ̀ ni wàá máa fi lọ sí kíláàsì. Bí o bá lọ gba èyí tó dínwó ní Ìgbògbò tàbí Ìjẹdẹ̀, ọkọ̀ ni lójoojúmọ́, nígbà mìíràn ọkọ̀ méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀. Ìṣirò owó ọkọ̀ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kí o fi kún owó ilé, kí o tó pinnu èyí tó wọ́n. Rántí pé ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ ní Odòguńyán. Tírélà wọn lè há ọ̀nà Ṣágámù mọ́ ọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an.

Ìjẹdẹ̀ ni ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn wà, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, síbẹ̀ ilé pọ̀ nítòsí rẹ̀ tó jẹ́ àbẹ́là ni wọ́n fi ń kàwé. Má bi onílé bóyá iná wà. Bi í pé báńdì wo ni àdúgbò náà wà. Báńdì A yẹ kó ní iná fún wákàtí 20 lóòjọ́ ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Kí o tún bi í bóyá mítà tìrẹ nìkan ni tàbí ti gbogbo ilé, torí níbi tí ènìyàn mẹ́wàá bá ti ń dá owó mítà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbígbóná se omi ìwẹ̀ ni gbogbo yín ń sanwó fún.

Ní ti omi, bu omi kànga tàbí bọọhóòlù ilé náà sínú abọ́ funfun, kí o gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n bí ìpẹtà, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀: yóò sọ aṣọ funfun di ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì ba àwọ̀ ìrẹsì jẹ́. Fi í fọ ilé. Píọ̀ wọ́tà ni kí o máa mu; àpò kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá, má sì ra èyí tí oòrùn ti ń pa níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Tọ́jú ìwọ̀n sẹ̀ǹtílítà 50 yẹn sórí. A óò fi í sebẹ̀ láìpẹ́.

Ọkọ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fún ìrìn inú ìlú, kẹ̀kẹ́ márúwá àti kòrópe ni; mú owó kéékèèké dání, kí o sì sọ ibi tí o ń lọ kí o tó jókòó. Fún Mile 12, Kétu àti Èkó, BRT ni, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀; ọ̀nà rẹ̀ ti dé Ìkòròdú láti 2015. Gba káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó bọ́ọ̀sì náà, kí o sì fi owó sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ẹni tó bá tò lẹ́yìn aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò tò pẹ́.

Ọjà

Sábó àti Ìta Ẹlẹ́wà ni ọjà tó tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Kí ènìyàn kí oníṣòwò kó tó fọwọ́ kan ọjà rẹ̀: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá o." Ẹni tó kí ni wọ́n ń dín owó fún, ẹni tó wọlé tó ń tẹ ata wò láì sọ̀rọ̀, owó àlejò ni yóò gbọ́. Bí ẹ bá ti dúnàádúrà tán, má tún bẹ̀bẹ̀ owó mọ́, sọ pé "Ẹ fi èènì sí i fún mi, mà." Èènì kì í dùn wọ́n tó kí wọ́n já owó.

Kóńgò, dẹ́ríkà àti ago mílíìkì ni òṣùwọ̀n. Wo ìdí kóńgò kí wọ́n tó bù ú. Àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú, bó tiẹ̀ kún tó ga lórí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dín. Ago mílíìkì ìrẹsì kan tó ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ilé, ẹ dáwó jọ kí ẹ ra kóńgò, torí ẹni tó ń ra ago kọ̀ọ̀kan ló ń san iye tó ga jù.

Tòmátì àti ata máa ń dínwó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ti òkè Ọya bá ń wọlé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di góòlù. Nígbà tó bá pọ̀, ẹ lọ sí ọjà Mile 12 lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ ra apẹ̀rẹ̀ kékeré kan kí ẹ pín in. Ata tó ti ń rọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ dára fún ẹni tó fẹ́ sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, kò dára fún ẹni tó fẹ́ gbé e sílẹ̀. Lọ̀ ọ́, sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí o wá fi òróró dín in. Bí kò bá sí fíríjì, ó lè lò tó ọjọ́ mẹ́ta bí o bá ń gbé e kaná kí ó hó láàárọ̀ àti lálẹ́. Èyí tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ ló ń kan.

Ẹja

Èbúté Ìkòròdú ní Ìpákòdó, Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Bàyékù ni ẹja ọ̀sà ti ń gúnlẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ. Ẹpìyà ló rọ owó akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn jù. Ọ̀bọ̀kún dùn jù ú lọ ṣùgbọ́n ó wọ́n. Akàn dára fún ọbẹ̀ bí o bá ní sùúrù rẹ̀. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde, ojú rẹ̀ mọ́, ó sì yọ síta. Bí o bá ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n. Bí o bá fi ìka tẹ ara rẹ̀, ó máa ń padà sípò. Bí ojú bá ti wọnú tí ó sì funfun, kúrò níbẹ̀.

Ẹja dídì bíi kòtè, títù àti ṣáwà tí wọ́n ń tà ní kóòlùrúùmù kò burú rárá, ó sì sábà máa ń dínwó. Gbé e nígbà tó ṣì gan. Èyí tó ti rọ̀ tí wọ́n sì tún dá padà sínú yìnyín máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ọbẹ̀, ìdí ẹja náà á sì ti pupa níbi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú páálí.

Ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ ìkòkò kan

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ kọ́ oúnjẹ kan ṣoṣo ní Ìkòròdú, ìkọ́kọrẹ́, tí wọ́n ń fi ewùrà sè, ni kó kọ́. Ìkòkò kan, iná kan, ọbẹ̀ àti oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì tún dùn ní tútù lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ kejì gan-an ló ń dùn. Ewùrà máa ń pọ̀ lọ́jà láti ìparí ọdún wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun.

Fún ènìyàn mẹ́ta: ewùrà kílò kan, tàtàṣé méjì, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà ńlá kan, epo pupa ṣíbí ìjẹun márùn-ún, edé lílọ̀ ṣíbí méjì, irú díẹ̀, ẹja gbígbẹ méjì, iyọ̀, mágì, àti píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan.

Da omi gbígbóná oníyọ̀ sórí ẹja gbígbẹ, jẹ́ kó rọ̀, fọ iyanrìn rẹ̀ kúrò, kí o yọ egungun. Bẹ ewùrà kí èèpo rẹ̀ nípọn díẹ̀, torí abẹ́ èèpo ni ohun tó ń yúnni lọ́wọ́ pọ̀ sí. Fi epo pa ọwọ́ tàbí kí o wọ ọ̀rá. Fi ojú tó kéré jù lára géréètà rin ín. Má fi omi kankan sí i, iyọ̀ díẹ̀ nìkan. Bí ohun tí o rin bá ń ṣàn bí ògì, ewùrà náà kò gbó. Bu gàrí ṣíbí kan tàbí méjì sí i kí ó lè dì mú.

Gbé omi, ata lílọ̀, àlùbọ́sà, epo, irú, edé àti ẹja kaná pọ̀, kí ó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tọ́ ọ wò: ó gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ díẹ̀ ju bí o ṣe fẹ́ lọ, nítorí ewùrà yóò mu iyọ̀ náà. Dín iná kù. Fi orí ìka mẹ́ta máa ju ewùrà sí i ní kókó kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ibi tirẹ̀. Dé ìkòkò. Má rò ó!

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ojú wọn ò gbà á kí ìkòkò wà níbẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, wọ́n á ti ọmọrogùn bọ̀ ọ́, kókó náà á tú, gbogbo rẹ̀ á di ẹ̀kọ. Ìṣẹ́jú 15 lórí iná kékeré ni kí o fún un kí kókó náà fi dì. Lẹ́yìn náà, fi ṣíbí onígi yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí díẹ̀ nínú kókó fọ́ kí ọbẹ̀ lè ki, kí ìyókù sì wà lódindi. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ó ti jinná. Já kókó kan sí méjì: bí inú rẹ̀ bá ṣì funfun bí ìyẹ̀fun, kò tíì jinná, o ju kókó ńlá nìyẹn. Bí ìdí ìkòkò bá jó, má họ ọ́ mọ́ ìyókù; rọra da èyí tó wà lókè sínú ìkòkò mìíràn.

Ẹ̀bà tútù ni àwọn Ìjẹ̀bú fi ń jẹ ẹ́. Ewùrà rínrin tó bá ṣẹ́kù, po ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ mọ́ ọn kí o fi din ọ̀jọ̀jọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sùn, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú.

Gàrí Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, jẹ ẹ́ wò kí o tó rà: ó gbọ́dọ̀ kan, kí ó kúná, kí ó sì máa dún nínú eyín. Èyí tó rọ̀ lẹ́nu ti gba ọ̀rinrin, yóò hu láìpẹ́. Kó o sínú ike tó ní ìdérí, jìnnà sí ibi tí ìkòkò ti ń tú ooru jáde. Fún ẹ̀bà, omi tó ń hó gidi ni. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kókó funfun á wà nínú rẹ̀, rírò kò sì ní mú un kúrò.

Gáàsì àti ẹ̀wà

Sílíńdà kílò mẹ́ta tó fún ẹnì kan. Wọ́n tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí ara rẹ̀. Fi kílò mẹ́ta kún un, iye yẹn ni sìkéèlì yóò fi hàn bí wọ́n bá rọ ọ́ kún. Dúró wo sìkéèlì. Bí o bá dé ilé, fi ìfófòó ọṣẹ pa oríkèé páìpù: bó bá ń yọ ìfófòó, gáàsì ń jò. Má ṣáná wò ó láé.

Ẹ̀wà ló ń jẹ gáàsì jù. Ṣa á, sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pa iná, dé e pinpin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, da omi rẹ̀ nù, kí o wá gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun. Ó ń dín gáàsì kù, ó sì ń dín inú kíkùn kù. Ẹ̀wà olóyin ló tètè ń jinná tó sì dùn láìsí ohun púpọ̀.

Ní bùkà, béèrè iye ẹran kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ lé e: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni ẹran yìí?" Ẹran ló ń gbé owó abọ́ ga, kì í ṣe àmàlà. Àwọn ìyá olóúnjẹ kan máa ń gbà láti ta ọbẹ̀ nìkan bí o bá mú abọ́ tìrẹ wá. Se ìrẹsì tàbí ro ẹ̀bà sílé.

Ọjọ́ Orò

Ní Ìkòròdú, ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe Orò, àwọn obìnrin kì í sì jáde síta lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, bi onílé rẹ tàbí àwọn ará àdúgbò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn obìnrin ni kì í ṣí, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o ra omi, gáàsì, ata àti bùrẹ́dì. Bí o bá jẹ́ obìnrin tí o sì ń ti ìrìn àjò bọ̀, má ṣètò kí o dé Ìkòròdú lọ́jọ́ náà. Lo òru náà sí Kétu tàbí Ojota lọ́dọ̀ ẹbí, kí o wọlé lọ́jọ́ kejì.