Ìdí tí Òdòdó Tàtàṣé Inú Ilé Fi Ń Rẹ̀ Dànù

Ìbéèrè: Inú yàrá wa ní Alágbàká, Àkúrẹ́, ni mo gbin tàtàṣé sí, nínú ike ńlá lẹ́bàá fèrèsé. Ewé rẹ̀ dúdú minimini, òdòdó rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ̀ dànù kí wọ́n tó di èso. Mo ti ń fi ìmí adìẹ kún un. Kí ló kù kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ ìmí adìẹ dúró ná. Ata tí ewé rẹ̀ dúdú báyẹn kò ṣaláìní oúnjẹ. Bí ajílẹ̀ bá sì pọ̀ jù, ewé ni yóò máa yọ, yóò pa èso tì. Ṣùgbọ́n ooru òru ni mo kọ́kọ́ fura sí. Tàtàṣé kò lè fara da ooru bí ata rodo: bí ọ̀sán bá ti kọjá nǹkan bí 32 ní ìwọ̀n Celsius, tàbí tí òru kò bá wálẹ̀ kọjá 24, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já òdòdó sílẹ̀. Ní Àkúrẹ́, láti oṣù kejì títí òjò yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, ògiri tí oòrùn ti pa láti ọ̀sán máa ń tú ooru sínú yàrá di ọ̀gànjọ́, débi pé ata inú ilé lè jìyà ooru lóru ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ gbé ike náà jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá.

Atẹ́gùn yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn. Akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà, nítorí náà kò di dandan kí oyin bà á, ṣùgbọ́n ó yẹ kí nǹkan mì í. Ẹ wo inú òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là láàárọ̀: àwọn ohun kéékèèké aláwọ̀ aró tó yí ọ̀pá àárín ká ni akọ. Bí ẹ bá fi ìka ta ẹ̀yìn òdòdó náà jẹ́jẹ́, ìyẹ̀fun ara wọn yóò bọ́ sórí abo, ìyẹn ọ̀pá àárín náà.

Ìbéèrè: Ṣé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan tó?

Ìdáhùn: Kì í sábà tó, nítorí tàtàṣé ń fẹ́ oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán. Oòrùn ọ̀sán wa pàápàá kì í dúró sójú kan: láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, ìhà àríwá ló máa ń gbà, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí gúúsù títí wọ oṣù kẹta. Fèrèsé ìlà-oòrùn ni mo fara mọ́ jù, kí ẹ sì fi gílóòbù LED kún un nígbà tí iná bá wà.

Ìbéèrè: Èyí tó so ní àpá dúdú tó jìn wọnú nísàlẹ̀. Ṣé kí n fọ́n oògùn kòkòrò sí i?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe kòkòrò. Omi tí ẹ ń bu lónìí tí ẹ ń gbàgbé lọ́la ni kì í jẹ́ kí kálísíọ́ọ̀mù, èròjà oúnjẹ kan tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, dé ìdí èso. Ẹ máa bomi rin ín nígbàkígbà tí òkè iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ, kí ihò sì wà nísàlẹ̀ ike. Ẹ já èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Kò ní í sàn mọ́.

Ìbéèrè: Ọ̀kan ti tóbi, síbẹ̀ kò pọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sí i. Bí ó bá pọ́n, ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má fà á, nítorí ẹ̀ka tàtàṣé tètè ń ya.