Kí ẹ tó ra sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wọn ṣéènì ná

Ẹ̀rọ tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń po ìyẹ̀fun ni mò ń ṣe ní Ìjọ̀kà, nílùú Àkúrẹ́. Àwọn oníbàárà a máa gbé sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, irin roboto eléyín tí ṣéènì ń gbé yí, tó ti jẹ wá, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, eléyín 18 ni o, ẹ bá wa wá irú ẹ̀." Iye eyín nìkan kò tó ohun tí mo lè fi lọ ọjà. Eléyín 18 ti ṣéènì 40 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n ṣéènì ni 40 yìí) fẹ̀ tó mìlímítà 73, láti àárín rólà kan, ìyẹn irin roboto kékeré inú ṣéènì tó ń jókòó sáàárín eyín, dé àárín èyí tó kọjú sí i. Eléyín 18 ti ṣéènì 80, mìlímítà 146 ni.

Ṣéènì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ nà án gbọọrọ sórí tábìlì. Ẹ fi ẹnu téèpù lé etí òsì píìnì kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ṣéènì pọ̀, ẹ má ka ìyẹn mọ́ ọn, ẹ ka 12 síwájú, kẹ́ ẹ wo ohun tí téèpù sọ ní etí òsì ìkejìlá. Bó bá jẹ́ íǹṣì 6, ṣéènì 40 tàbí ìbátan rẹ̀ ni. Íǹṣì 7 àbọ̀, 50 ni. Íǹṣì 9, 60. Íǹṣì 12, 80. Nọ́ńbà iwájú ló ń sọ ọ́: 4 ni ìdá mẹ́rin nínú mẹ́jọ íǹṣì, láti píìnì kan dé èkejì. Tí ti 40 bá ti ń wọn mìlímítà 157 dípò 152, ó ti fà, ẹ jù ú sọ́dọ̀ àwọn oní-pàǹtí-irin.

Ìbátan yẹn ló kó bá mi. 08B ti ilẹ̀ Yúróòpù náà, ìdajì íǹṣì ni, nítorí pé ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì ni wọ́n fi ń kà níbẹ̀: 08 ni mẹ́jọ nínú mẹ́rìndínlógún. Mo ra á lọ́jọ́ kan bíi pé 40 ni, mo gbé e kọ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì 40 lára ẹ̀rọ Ìyá Oníbúrẹ́dì kan. Ó wọlé, ó yí, mo gba owó mi. Lálẹ́, ó ń dún kà-kà-kà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: rólà kò jókòó sínú kòtò eyín, ó gun orí rẹ̀ díẹ̀, bí àlejò tó fi ìdí lé etí àga. Rólà 40, mìlímítà 7.92, ti 08B, 8.51. Lọ́jọ́ kẹta ó fò bọ́, ìyẹ̀fun àpò kan tí wọ́n ti pò sì di kíkan sínú ẹ̀rọ. Màmá ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò jẹ èyí?" Èmi ni mo san án. Látìgbà náà, fàníà, irin tí a fi ń wọn nǹkan kéékèèké, kì í kúrò nínú àpò mi: mo ń wọn rólà, mo ń wọn àlàfo inú ṣéènì pẹ̀lú. Ṣéènì ọ̀kadà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 428 náà ní rólà 8.51, àlàfo inú ti 420 sì tún há jù ú lọ.

Ní ti irú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, A jẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo, B ní irin tó yọ jáde lápá kan bí ọrùn ìgò, C ní i lápá méjèèjì. B ni mo ń fi sára mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ, torí ọrùn ló ń gba kíì (irin kékeré tí kì í jẹ́ kó yọ̀ lórí ṣáàfù) àti bóòtì tó ń dè é mọ́ ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí. A ni ńlá tí mo ń fi iná wẹ́dà jó mọ́ ìlù ẹ̀rọ; ẹ jẹ́ kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, bá yín fi ojú rẹ̀ tọ́, torí bí wẹ́dà bá wọ́ ọ díẹ̀, ṣéènì á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, ti ara mọ́tò, kò gbọdọ̀ ní eyín tó kéré ju 17 tó bá ṣeé ṣe. Mo fẹ́ràn 17 tàbí 19 ju 18 lọ, nítorí ìsopọ̀ ṣéènì sábà máa ń jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì. Bí iye eyín kò bá ṣeé pín sí méjì, eyín kan kì í máa pàdé ìsopọ̀ kan náà lọ́jọ́ gbogbo. Kékeré eléyín 17 pẹ̀lú ńlá eléyín 51 á dín ìyára kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Tí eyín bá ti tẹ̀ bí ìkọ́, ẹ má gbé ṣéènì tuntun lé e. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò fi bà á jẹ́.