Bí mo ṣe rí ìwé àṣẹ gé ẹ̀ka ìrókò l'Ómù-Àrán

Ẹ̀ka ìrókò ẹ̀yìnkùlé wa l'Ómù-Àrán ti tẹ̀ wá sórí páànù. Agégi ní òun ò ní fọwọ́ kàn án láìsí ìwé àṣẹ. Mo lọ sí káńsù: òní, ọ̀la, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Olórí ẹbí kọ̀wé fún mi. Agégi ò tiẹ̀ kà á.

Ìwé ẹbí yẹn kan náà ni mo mú, pẹ̀lú fọ́tò ibi tí ẹ̀ka ti kan páànù, lọ bá àwọn fọ́rẹ́sìrì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igi, fúnra wọn. Wọ́n wá, wọ́n fi téèpù wọn igi náà ní ọ̀gangan àyà, bíi mítà 1.3 láti ilẹ̀. Mo sanwó, mo gba rìsíìtì. Ẹ̀ka nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí. Inú ìyá àgbà dùn, kò kúkú fẹ́ ká wó ìrókò.

Tèmi nìyẹn o. Bó bá jẹ́ igi emi (igi òrí) tàbí igi igbá (igi irú) ni tiyín, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn fọ́rẹ́sìrì kí ayùn tó dún.