Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá àgádágodo onínọ́ńbà yín ń tú àṣírí ara rẹ̀

Àgádágodo onínọ́ńbà tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Alékúwodò, l'Óṣogbo, kì í ṣí fún ẹni tí kò mọ PIN rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sọ PIN náà fún ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka àkókò. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bí mo ṣe kọ ọ́, ó máa ń wo nọ́ńbà àkọ́kọ́. Bí kò bá tọ̀nà, á kọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó bá sì tọ̀nà, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bọ́ sórí èkejì. Ẹni tó bá fi logic analyser, ẹ̀rọ tó ń ka ìgbà tí iná wọ inú wáyà àti ìgbà tó jáde, sórí wáyà bọ́tìnnì àti ti iná pupa yóò rí i pé kíkọ̀ kan pẹ́ ju ìyókù lọ, á sì mọ̀ pé òun ti mú nọ́ńbà kan. PIN onínọ́ńbà mẹ́rin tó yẹ kó gba ìgbìyànjú 10,000 kò wá ní ju 40 lọ. Ní 1996, Paul Kocher, onímọ̀ nípa fífi ọ̀rọ̀ pamọ́, fi hàn pé àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ṣe ìṣirò RSA, ọ̀nà kan tí à ń gbà fi ọ̀rọ̀ pamọ́, lè tú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ síta. PIN tèmi kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń pè ní ìṣirò.

Arduino Uno kan (bọ́ọ̀dù kékeré tí à ń kọ kóòdù fún) àti kọ̀ǹpútà ti tó láti fi yẹ tiyín wò, ṣùgbọ́n orí bọ́ọ̀dù tiyín nìkan ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má lo micros(), àṣẹ tó ń sọ àkókò, nítorí pé microsecond mẹ́rin-mẹ́rin ló ń fò lórí Uno, ìyàtọ̀ tí à ń wá sì lè má tó ẹyọ kan. Timer1, òǹkà tó wà nínú Uno fúnra rẹ̀, ni kí ẹ lò: aago Uno ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìlù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nanosecond 62.5. Ẹ fi 0 sínú TCCR1A àti 1 sínú TCCR1B, àwọn ibi tí a ti ń ṣètò Timer1, kí ó lè ka gbogbo ìlù. Ẹ pe noInterrupts() kí iṣẹ́ mìíràn má baà dá sí i, ẹ fi 0 sínú TCNT1, níbi tí iye ìlù wà, ẹ jẹ́ kí ó yẹ PIN wò, kí ẹ sì ka TCNT1 kí ẹ tó pe interrupts(). Láìṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ millis(), aago tí Uno ń tọ́jú fúnra rẹ̀, yóò máa já wọ àárín, iye tí ẹ ó rí á sì máa ṣe ségesège. Serial, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ni kí PIN gbà wọlé, torí pé bí ẹ bá kọ ọ́ sínú kóòdù, compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) lè ti ṣiṣẹ́ náà tán kí bọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá tẹ 0000, 1000, títí dé 9000. Nínú tèmi, mẹ́sàn-án dọ́gba. 7000 nìkan ló ga.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ó wo nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé òpin, ì báà jẹ́ pé àkọ́kọ́ ti kùnà:

iyato |= te[i] ^ asiri[i];

te ni nọ́ńbà tí ẹni náà tẹ̀, asiri ni PIN gangan, iyato sì ni ibi tí àṣìṣe ń wọ̀ sí. Àmì ^ ń fúnni ní 0 níbi tí méjèèjì bá ti dọ́gba, |= kì í sì í jẹ́ kí àṣìṣe tó ti wọlé jáde mọ́. Ẹ fi volatile sí iyato kí compiler má baà gé e kúrú, kí ẹ sì tún un wọ̀n.

Síbẹ̀, 10,000 kò pọ̀ lójú ẹ̀rọ tó ní sùúrù, nítorí náà ẹ fi òǹkà àṣìṣe sínú EEPROM, ìrántí bọ́ọ̀dù tí kì í nù bí iná bá lọ, kí ilẹ̀kùn tì pa fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn àṣìṣe márùn-ún. Ibí ni mo ti ṣì í lẹ́ẹ̀kejì: mo jẹ́ kó yẹ PIN wò kó tó kọ àṣìṣe sílẹ̀. Kíkọ náà ń gba nǹkan bíi millisecond 3.3, ẹni tó bá sì yọ iná láàárín ìgbà yẹn ti gbìyànjú lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tilẹ̀ di dandan kí olè yọ ọ́. A mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ l'Óṣogbo. Ẹ kọ ìgbìyànjú sílẹ̀ ṣáájú, ẹ pe eeprom_busy_wait() kí ó dúró dè é, nítorí pé EEPROM.write() máa ń padà kí kíkọ tó parí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yẹ PIN wò. Bí ó bá tọ̀nà, ẹ dá òǹkà padà sí 0. Ojú kọ̀ọ̀kan EEPROM náà ni a ṣe láti gba kíkọ 100,000. Ilẹ̀kùn tí à ń ṣí nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, tí ó ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan, yóò lò tó ọdún 13.