Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ iná ìkókó dé iwájú aṣòfin wa, àti ohun tó ná mi

Owó tí mo ná ni màá kọ́kọ́ sọ, torí ó ṣì ń dùn mí. Ìwé títẹ̀, fọ́tòkópì, epo ọkọ̀, àti àwọn òwúrọ̀ tí mo ti kíníìkì pa tí aláìsàn dé tó bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún mi nínú rẹ̀. Dókítà tó bá rò pé ọ̀fẹ́ ni kéèyàn lọ bá aṣòfin sọ̀rọ̀ ìlera, kó wá bi mí.

Ohun tó gbé mi dìde ni àwọn ìkókó tí ojú wọn ti yẹ́lò gan-an kí wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa ní Ilé-Ifẹ̀. Ojú ọmọ tuntun máa ń yẹ́lò díẹ̀, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ a sì lọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ tí ohun tó ń sọ ara di yẹ́lò bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ló ń wọ̀ lọ. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, tàbí kó má lè dá jókòó láé. Àwọn ọmọ tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó lára wọn ni ọ̀rọ̀ náà máa ń le fún jù, irú wọn ò sì wọ́n láàárín wa: káńfọ̀ lásán tí ìyá àgbà kó sáàárín aṣọ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Iná aláwọ̀ búlúù tí a ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń wò ó. Tó bá ti pẹ́ jù, àfi ká pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ìyẹn sì léwu, ó tún gbówó lórí. Ohun tí mo ń bèèrè ò ju pé kí iná yìí, àti sólà tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́ tí NEPA bá mú iná lọ, wà ní díẹ̀ nínú àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà láyìíká wa.

Lẹ́tà kíkọ kì í ṣe nǹkan, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ọ́fíìsì tí aṣòfin náà ní sí ìgboro ni ìyà wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ P.A. rẹ̀, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìyẹn ṣì wà lẹ́nu mi.

P.A. gba lẹ́tà, ó ní Ọnọ́rébù ò sí nílé. Mo padà wá, ó ní òun ò rí lẹ́tà kankan. Mo mú ẹ̀dà mìíràn fún un, ó ní lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo ò ṣeé gbé wọlé, kí ẹgbẹ́ àwa dókítà fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: alága ò sí nílùú, akọ̀wé ní kò sí ìpàdé tó ti fọwọ́ sí i, ẹnì kan tiẹ̀ dìde pé kí ló kan èmi nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. A ṣe gbogbo ìyẹn tán, mo gbé lẹ́tà dé. Ọkùnrin yìí wò ó sókè sódò, ó bi mí pé, “Dókítà, ta ló wà lẹ́yìn yín? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ̀ ń ṣe?” Nígbà tí mo ní mi ò ṣe ìkankan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò kúkú tíì rí mi sójú.” Mi ò fún un ní nǹkan kan. Inú mi dùn sí ìyẹn títí dòní, òun náà ló sì jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo ń jókòó nínú yàrá yẹn ni mo wá mọ ohun tí ọ́fíìsì náà jẹ́. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi wá tọrọ owó ilé-ìwé ọmọ. Ti apá òsì ń sìnkú bàbá rẹ̀. Obìnrin kan ní ìsọmọlórúkọ lọ́la. Gbogbo wa, owó la wá gbà lójú P.A., ìyàtọ̀ ò sí. Kò mọ ibi tó máa fi ẹni tó wá nítorí ìwé ìnáwó ìpínlẹ̀ sí.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe olóṣèlú. Ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Odò-Ogbè ni, tí a ti tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí. Ó gbọ́ ẹjọ́ tí mo ń rò fún nọ́ọ̀sì, ó ní, “Dókítà, kí lẹ ò ṣe sọ fún mi? Àwa la kó obìnrin jáde fún ọmọ yẹn nígbà ìbò.” Ilé ló ti lọ bá a, kò gba ọ́fíìsì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀ pè mí. Inú mi dùn, inú sì bí mi: ìwé-ẹ̀rí mi lára ògiri, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lórí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá aláta ló ṣe é.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú irú ìyá bẹ́ẹ̀ dání láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín, kó sọ ti ẹnu rẹ̀, kí ẹ dákẹ́ fún un.

Nígbà tí mo dé iwájú Ọnọ́rébù, ó gbọ́rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Kò wo ìwé ìwádìí tí mo dì jọ. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí mo kọ orúkọ wọ́ọ̀dù sí, pẹ̀lú ilé ìlera tó wà níbẹ̀ àti iye owó, ni kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé a ò lè gbé àwọn ọmọ náà sóòrùn ni, bí ìyá òun ṣe máa ń ṣe. Mo ní oòrùn lásán lè jó ìkókó, ó sì lè fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Mo ní Èkó nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2015, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀rá pàtàkì sẹ́ ìtànṣán búburú kúrò lára oòrùn, tó sì ṣiṣẹ́ bí iná búlúù, àmọ́ kò sí oòrùn lóru, ti òjò oṣù keje ni ká má tiẹ̀ sọ. Ó tún ní ṣebí ìjọba àpapọ̀ ń fi owó ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó dé! Òfin Ìlera ti 2014 ya ó kéré tán 1% nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ nínú èyí tó wà fún iṣẹ́ ilé ìlera gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán 25% nínú iye owó iṣẹ́ náà wá láti àpò ara rẹ̀. Mo ní, “Ọnọ́rébù, ẹ bá wa wò ó bóyá tiwa wà nínú ìwé ìnáwó.” Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwa dókítà náà ń bí mi nínú. Ní oṣù kẹrin 2023, nígbà tí àbádòfin tí Ganiyu Johnson, aṣòfin kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, gbé wá pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kó tó gba ìwé-àṣẹ kíkún kọjá ìkàwé kejì ní Àbújá, kò sẹ́ni tí kò mọ nọ́ńbà aṣòfin rẹ̀. Ariwo gba ìlú kan. Nígbà tó wá di ti ìkókó, alága ò sí nílùú.

Ohun kan tó wù mí kí n ti mọ̀ ṣáájú ni àsìkò. Gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ìwé ìnáwó síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí ọdún tuntun tó wọlé, ìyẹn wà nínú òfin ilẹ̀ wa. Tó bá ti dé Ilé, kí nǹkan kan tó wọ inú rẹ̀, nǹkan mìíràn máa ń jáde ni, ẹni tó ni ín ò sì ní gbà. Àárín ọdún, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣì ń kọ tiwọn, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlera ní Òṣogbo. Wọ́n fún mi láyè díẹ̀, wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Aṣòfin wa gbé orúkọ àwọn wọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láì wo ìwé. Ọ̀rọ̀ iná náà wọ inú ìwé ìnáwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìlera tó kù nínú rẹ̀ ò tó èyí tí mo kọ. Kí owó wà nínú ìwé àti kí owó jáde, ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì, nítorí náà mo ti ń bèèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ìyá aláta ní òun mọ ìyàwó ẹnì kan níbẹ̀.