Iṣẹ́ àṣetiléwá kẹ́místírì tó bá ta kókó

Ẹ̀yin òbí wa ní Kàbà àti Ìsánlú, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Bí kẹ́místírì bá ta kókó, ẹ má fi fọ́tò ìbéèrè nìkan ránṣẹ́ sí tíṣà tàbí kọ́pà àdúgbò. Kí ọmọ ṣe é dé ibi tó há sí, kó fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀, kí ẹ wá ya ìyẹn. Àṣìṣe rẹ̀ á hàn kíá.

Ní ti mole (ẹyọ tí kẹ́místírì fi ń ka iye èròjà), ìdọ́gba apá méjèèjì ni kí ọmọ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: 2H₂ + O₂ → 2H₂O. Háídrójìn 4 g àti ọ́síjìn 32 g á di omi 36 g. Bí ìwọ̀n apá méjèèjì ò bá dọ́gba, kó padà sókè. Ìdáhùn orí fóònù náà ń ṣìnà o, ẹ bá a ṣírò rẹ̀ wò.