Bí a ṣe lè fi gígun Òkè Ìdànrè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sùúrù àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀

Gígun òkè nìkan kì í yí ìwà ọmọ padà. Ọmọ lè gun òkè dórí, kó sọ̀ kalẹ̀, kó sì tún máa fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ètò tí olùkọ́ bá ṣe sí i ló ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà ilé ìwé. Eré bojúbojú tí wọ́n ti mọ̀ ti tó. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, ẹ má kó ọ̀rẹ́ pọ̀. Ẹ fi aṣọ di ọ̀kan lójú, kí ìkejì fi ẹnu nìkan darí rẹ̀ gba àárín àga kọjá. Ẹni tó ń darí á kọ́kọ́ máa pariwo "Máa bọ̀! Máa bọ̀!" títí orúnkún ẹnì kejì á fi gbá àga. Ìgbà yẹn ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ya sọ́tùn-ún díẹ̀. Ó tó, dúró." Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ipò.

2. Ẹ múra ìrìn àjò. Ẹ gba àṣẹ òbí, ẹ sì béèrè ọmọ tó ní ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìgbà ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, ní òwúrọ̀ kùtù, torí àpáta máa ń yọ̀ lójò. Ẹ gbé omi àti oògùn pàjáwìrì dání.

3. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó ṣíwájú. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọmọkùnrin tó máa ń gba ipò kìíní nínú eré sísá á pòṣé, á fẹ́ fò kọjá. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ìsinmi, ẹ bi í pé, "Báwo ló ṣe rí lára rẹ nígbà tó o ní láti dúró?" Ẹ má bi í pé "Ṣé inú bí ẹ?" torí "rárá" ló máa fi dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ wá bi ẹni tó wà níwájú náà bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn.

Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun mọ́ á dúró pẹ̀lú olùkọ́ kan, ẹ sì fún un níṣẹ́ gidi, bíi kó máa ṣọ́ àkókò.

4. Lórí òkè, àwọn ará Ìdànrè gbé ibẹ̀ títí di 1923. Ẹ fi ààfin àtijọ́ hàn wọ́n, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n jọ ronú bí wọ́n ṣe máa gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀: ta ló máa dì í mú, ta ló máa ṣíwájú?

5. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí oníkálùkù kọ orúkọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́ àti ohun tó ṣe fún un. Tó bá kọ "ó ṣàánú mi" nìkan, ẹ dá ìwé náà padà fún un: ṣé ó bá a gbé báàgì ni, àbí ó dúró dè é? Tí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì lẹ́yìn náà, irú ìbéèrè tẹ́ ẹ bi wọ́n níbi ìsinmi ni kẹ́ ẹ tún bi àwọn méjèèjì.